Ìrìn-àjò Mi sí Ìlú Kóyá àti Dúró-ná, Nítorí Ẹní Tó Tutù

Ẹ súnmọ́ ààrò, ẹ̀yin tí òjò kó wọ inú abà mi lọ́sàn-án yìí. Òjò ò bi yín léèrè kó tó dé, èmi náà ò sì ní í bi yín kí n tó bẹ̀rẹ̀ ìtàn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéyàwó, ẹ la etí yín sílẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti pẹ́ nílé ọkọ, ẹ má ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Èmi ni Ọdẹ́kùnmí, Apẹfọ̀n-má-wẹ̀yìn, ọkùnrin tó sùn sínú igbó tí ẹkùn fi gba ọ̀nà ẹ̀yìn kọjá kó má baà jí i. Bí mo bá purọ́, ẹ bi Àwẹ̀ró ìyàwó mi, tó jókòó níbẹ̀ yẹn tó ń yan ẹ̀pà.

Àwẹ̀ró ní, "Ẹ má bi mí o. Èmi ò bá a lọ."

Ṣé ẹ ti rí i? Ó ti bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ, ọ̀rọ̀ ẹní ni. Ẹ má rẹ́rìn-ín, orí igi kọ́ ni wọ́n ti ká ẹnikẹ́ni nínú yín. Ọ̀rọ̀ kì í sì í tóbi títí ká fi ọ̀bẹ bù ú.

Ẹ mọ àṣà wa. Obìnrin tó bá ń fún ọmọ lọ́mú, ọkọ rẹ̀ kì í bá a sùn títí wọ́n á fi já ọmọ náà lẹ́nu ọmú. Nígbà tí Àwẹ̀ró bí Ọdẹ́yẹmí, ọmọ wa kẹta, mo pa àṣà náà mọ́ dáadáa. Bí ìfẹ́ ara bá ti fẹ́ dà mí láàmú, màá gbé ìbọn, màá lọ bá ẹtu nínú igbó. Ẹ̀yin ará, ẹtu fẹ́rẹ̀ẹ́ tán ládùúgbò wa nígbà náà.

Ọjọ́ tí wọ́n já ọmọ lẹ́nu ọmú, mo wẹ̀, mo tún ìwẹ̀ wẹ̀, mo fi àdín para. Mo rò pé ọ̀ràn náà dà bí omi tí wọ́n sé, pé bí wọ́n bá ti ṣí i, yóò ya. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo fọwọ́ kan Àwẹ̀ró, ara rẹ̀ le gbandi. Ó ní kí n má bínú, òun fẹ́ràn mi, ara òun ni kò dáhùn. Mo ní kò burú. Oṣù yọ, oṣù wọ̀, ara náà ò dáhùn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan ni mo bá a tó ń sunkún nídìí ààrò. Ó ní, "Baba Ọdẹ́yẹmí, iná inú mi ti kú. Bí iṣu tuntun bá dé tí ara mi ò padà bọ̀ sípò, màá kó ẹrù mi lọ sílé bàbá mi, kí ẹ lè fẹ́ ẹlòmíràn. Mi ò lè máa jókòó tì yín kí n máa wo ojú yín tó ń fà ro."

Mo fẹ́ràn obìnrin yìí. Ohùn rẹ̀ ni mo máa ń gbọ́ lọ́kàn tí mo bá wà nínú igbó tí mi ò mọ ọ̀nà ilé mọ́. Mo ní mi ò fẹ́ ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n nígbà tí mo fi máa sọ ọ́ tán, ó ti ń ká aṣọ rẹ̀.

Ẹ wá wo àṣìṣe ọdẹ. Ohunkóhun tó bá sọ nù, ọdẹ á rò pé igbó ló sá wọ̀. Mo gbé ìbọn kọ́ èjìká, mo mú ìkòkò amọ̀ kan dání tí màá fi bu iná tuntun wálé fún Àwẹ̀ró, mo kọrí sí Igbó Ọkàn-ń-fà, níbi tí àwọn àgbà ọdẹ sọ pé ìfẹ́ ara ti ń ṣẹ̀ wá.

Ẹ má bi mí bí mo ṣe rìn ín. Ọ̀nà jìn, mo dé. Ẹni àkọ́kọ́ tí mo pàdé ni iwin kan tó jókòó sórí àpáta, tó sanra dí ọ̀nà. Ẹnu-domi lorúkọ rẹ̀. Ojú rẹ̀ mẹ́fà, ẹnu rẹ̀ ọ̀kan, ó sì ń fi ẹnu yẹn mu ọsàn wẹ́wẹ́. Bó ṣe ń mu ún ló ń fún ojú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà pọ̀, tó ń ṣe ṣúú, ṣúú. Itọ́ kún ẹnu mi, ó ṣàn dé irùngbọ̀n. Ẹ̀yin náà tẹ́ ẹ jókòó síbẹ̀ yìí, mo rí i bí ẹ ṣe ń gbé itọ́ mì!

Iwin náà ní, "Ọmọ ènìyàn, ọsàn wẹ́wẹ́ mi wù ọ́."

Mo ní, "Kò wù mí."

"Irọ́! Itọ́ rẹ ń jẹ́rìí. Ẹni tó bá ní ó wu òun, màá bọ́ ọ títí eyín rẹ̀ á fi re. Ẹni tó bá ní kò wu òun, tí itọ́ ń bọ́ lẹ́nu rẹ̀, òpùrọ́ ni, èmi a sì máa gbé òpùrọ́ mì. Èwo nìwọ?"

Iwájú ò ṣeé lọ, ẹ̀yìn ò ṣeé padà sí. Ẹlòmíràn ì bá ti tọ̀ sára, ṣùgbọ́n orí tí mo gbé wá sáyé kì í ṣe orí ẹja. Mo ní, "Baba iwin, mo fẹ́ bi yín ní ìbéèrè kan. Ẹni tó ń gé àlùbọ́sà tí omijé ń dà lójú rẹ̀, ta ló kú fún un?"

Iwin náà bú sẹ́rìn-ín, àpáta ń mì lábẹ́ rẹ̀. Ó ní, "O jàre! Ara a máa dá ohun tó bá mọ̀ lóhùn, kódà kí ọkàn má fẹ́ ẹ. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ọkàn á fẹ́, ara á ṣì máa sùn. Ẹ̀yin ọmọ ènìyàn lẹ máa ń wo ara kí ẹ tó sọ ohun tó wà lọ́kàn onítọ̀hún. Ẹnu ni kí o máa fi bi ènìyàn, má bi itọ́ rẹ̀." Ó sún fún mi, mo kọjá.

Mo gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n kò tíì wọ̀ mí lára. Mo ṣì ń wá iná kiri.

Mo wọ ìlú kan tí ariwo ti gbà kan. Àwọn ará ibẹ̀ pín sí méjì. Ebi a máa pa àwọn kan kí wọ́n tó rí oúnjẹ rárá. Bí wọ́n bá ti lajú báyìí, ikùn wọn á ti máa kígbe. Àwọn tó kù, ebi kì í pa wọ́n títí òkèlè kan á fi kan ahọ́n wọn. Ìgbà yẹn ni ebi á ṣẹ̀ṣẹ̀ jí, wọ́n á sì jẹun ju àwọn yòókù lọ. Àwọn tí ebi ń tètè pa wá ń pe àwọn kejì ní aláìsàn, wọ́n ń fún wọn ní egbòogi kíkorò mu. Bí wọ́n ṣe rí mi, wọ́n ní àlejò ò ní ẹbí nílùú, kí n wá dá ẹjọ́. Bí ẹjọ́ náà ò bá dùn mọ́ apá méjèèjì, wọ́n á fi mí gún iyán.

Obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Tọ́wò bọ́ síta, ọkọ rẹ̀ tẹ̀lé e. Ọkọ ní, "Àlejò, ẹ gbà mí. Bí mo bá ti fi ebi délé, ó ní kò tíì pa òun. Mo mọ̀ pé ọbẹ̀ mi ló ń kórìíra."

Mo bi obìnrin náà pé, "Tọ́wò, bó bá rọra fún ọ ní òkèlè kan, tó jókòó tì ọ́, tó ń bá ọ ṣeré ńkọ́?"

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Inú mi á dùn, ebi á sì dé."

"Bó bá wá fipá tì í bọ̀ ọ́ lẹ́nu ńkọ́?"

"Màá pọ̀ ọ́ jáde."

Mo nàró, mo hú ikọ́ bí adájọ́, mo ní, "Kò sí aláìsàn nínú ẹ̀yin méjèèjì. Ọ̀nà tí ebi ń gbà wọ ilé yín ni kò bára mu. Ìwọ ọkọ, a kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná. Gbé àwo síbẹ̀, jókòó, jẹ́ kó fọwọ́ ara rẹ̀ bu òkèlè. Ìwọ Tọ́wò, bó bá wù ọ́ láti súnmọ́ àwo, súnmọ́ ọn, má dúró de ikùn tó máa kígbe. Bí kò bá sì wù ọ́, dìde, kí ẹnikẹ́ni má bínú." Wọ́n gbé mi lé èjìká yí ìlú ká. Ẹ sọ fún mi, adájọ́ mélòó ló lè dá irú ẹjọ́ yẹn?

Àwẹ̀ró ní, "Ìlú iwin lẹ ti dá a. Ẹ ò rí i dá nílé."

Kí ẹnikẹ́ni má wo ojú mi. Ẹ jẹ́ ká máa lọ.

Ibi tí mo ń lọ gan-an ni Ìlú Ara. Ẹ̀dá alààyè kọ̀ọ̀kan ló ní ilé kan níbẹ̀, wọ́n sì fi ilé Àwẹ̀ró hàn mí. Ẹ̀rù bà mí kí n tó wọlé. Mo ń retí eérú tútù. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo yọjú, mo bá ọkùnrin síngbọnlẹ̀ kan nídìí ààrò tó ń fín ẹwìrì, òógùn bò ó, iná sì ń sọ lálá. Kóyá lorúkọ rẹ̀. Bí iná náà bá ti fẹ́ ràn báyìí, obìnrin gíga kan tó dúró lẹ́yìn rẹ̀ á da omi sí i, ṣàà! Kóyá á tún fín in, obìnrin náà á tún da omi sí i. Orúkọ ìyẹn ni Dúró-ná.

Mo fò sókè fún ayọ̀. Iná Àwẹ̀ró ò kú! Ó wà níbẹ̀, omi ni kò jẹ́ kó ràn. Ojú ẹsẹ̀ ni mo kọjú ìjà sí Dúró-ná. Ẹ̀yin ará, mo ti bá ìnàkí jà rí, mo ti fa ìrù ọ̀nì rí. Obìnrin yìí fi ọwọ́ kan gbé mi, ó sọ mí sínú àgbá omi. Mo jáde, mo tún gbéjà kò ó, ó tún dá mi padà sínú àgbá.

Kóyá ṣẹ́jú sí mi ní kọ̀rọ̀. Ó yọ àgúnmu pupa kan láti inú àpò, ó ní, "Fi èyí sínú ọbẹ̀ ìyàwó rẹ láìjẹ́ kó mọ̀. Bí iná bá pọ̀ ju omi lọ, kí ni Dúró-ná lè ṣe?" Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ mi. Ṣùgbọ́n ọdẹ tó gbọ́n kì í kó ìbọn tí kò dán wò lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Mo tọ́ ọ wò.

Ẹ gbà mí! Kí n tó pa ẹnu dé, ìfẹ́ ti gùn mí. Ọ̀gán kan wà lẹ́yìn ilé náà, àwọn ikán ń ṣe iṣẹ́ wọn nínú rẹ̀ jẹ́jẹ́. Ojú mi kò tíì rí ohun tó lẹ́wà tó bẹ́ẹ̀ rí. Mo dì mọ́ ọ̀gán náà, mo ń pè é lólólùfẹ́, mo ń kì í ní oríkì ìyá rẹ̀, ikán ń bù mí jẹ níbi tí n kò lè sọ láwùjọ. Mi ò sì lè tú ọwọ́ mi. Mo fẹ́ tú u, ara ò gbà.

Àwẹ̀ró ní, "Nínú gbogbo ìtàn yìí, ti ọ̀gán yẹn nìkan ni mo gbà gbọ́. Mo rí àpá rẹ̀."

Dúró-ná ló gbà mí. Ó da omi lé mi lórí, ìwà òmùgọ̀ náà sì ṣàn lọ. Mo jókòó sílẹ̀, mo ń gbọ̀n, mo ń họra. Ó jókòó tì mí. Ó ní, "Ṣé o ti rí bí ilé ṣe máa rí bí kò bá sí mi? Èmi ni mo fa ẹsẹ̀ Àwẹ̀ró sẹ́yìn lọ́jọ́ tí paramọ́lẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà odò. Bí ara bá rí ewu, èmi ló ń pè. Gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wá síbí, iná lẹ fẹ́ fi kún iná. Ẹnikẹ́ni ò bi mí rí pé kí ló dé tí mo fi ń da omi."

Ojú tì mí. Mo dọ̀bálẹ̀ pẹ̀lú aṣọ tútù lára, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ìyá, kí ló dé?"

Ó mú mi lọ síbi tí ìkòkò omi rẹ̀ wà. Ó ní, "Ìkòkò yìí, ti ìyá rẹ ni, tó wá wẹ ọmọ, tí kò sì padà lọ mọ́, tó ń húkọ́ lẹ́yìn ògiri ní gbogbo òru. Èyí, ti òórùn ẹran ìgbẹ́ tí o máa ń gbé wọ yàrá. Èyí, ti ọmọ tó ń sùn sáàárín yín, tó ń ta ìyá rẹ̀ nípàá. Èyí, ti àárẹ̀ ni. Ẹni tó ń ronú igi ìdáná ọ̀la kò lè gbọ́ ohùn ara rẹ̀."

Ìkòkò kan wà ní kọ̀rọ̀ tó ga jù mí lọ. Mo ní, "Ìyẹn ńkọ́?"

Ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní, "Ìyẹn ni mo máa ń bù jù. Mi ò ní í ṣí i fún ọ, kì í ṣe tèmi. Ẹnu oníkàn la ti ń gbọ́ pọ̀ún. Lọ bi í, kí o sì jókòó gbọ́ ìdáhùn." Mo gbé ìkòkò amọ̀ mi jù síbẹ̀, mo sáré gba ọ̀nà ilé.

Nígbà tí mo dé, wọ́n ti ń wa iṣu tuntun lóko. Ẹrù Àwẹ̀ró wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ti fi okùn dì í. Mo kọ́kọ́ lọ fi kànìnkànìn fọ gbogbo òórùn igbó kúrò lára mi, mo wá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú rẹ̀.

Mo ní, "Àwẹ̀ró, kí ló ń bà ọ́ lẹ́rù?"

Ó jókòó sórí ẹrù rẹ̀, ó ní, "Ọjọ́ tí mo bí Ọdẹ́yẹmí, ẹ wà nínú igbó. Ẹ̀jẹ̀ ò dá. Mo ń gbọ́ tí àwọn obìnrin ń sọ̀rọ̀ lórí mi bí ẹni tí kò sí níbẹ̀ mọ́. Ọ̀kan ní kí wọ́n wá ẹni tó máa tọ́ ọmọ. Mo yè é, gbogbo yín ní kí n dúpẹ́, mo sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, bí ẹ bá ti fọwọ́ kàn mí, ojú ìkúnlẹ̀ yẹn ni mo máa ń rí. Mo fẹ́ yín. Oyún ni mi ò fẹ́. Mi ò fẹ́ kú, Ọdẹ́kùnmí."

Láti ọjọ́ tí mo ti gbé e níyàwó, kò fi ẹnu rẹ̀ pe orúkọ mi rí. Mo sunkún. Èmi Apẹfọ̀n-má-wẹ̀yìn sunkún níwájú ìyàwó mi, ìyàwó mi náà sunkún, ọmọ wò wá, òun náà fi igbe ta. Mo ní, "Ọmọ mẹ́ta tó wa. Bí o bá ní a ò bí mọ́, a ò bí mọ́ nìyẹn." Mo rí i bí èjìká rẹ̀ ṣe wá sílẹ̀.

Mo wá lọ bá ìyá mi. Mo ń wá ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ tí màá fi sọ fún un pé kó lọ máa gbé lọ́dọ̀ àbúrò mi. Kí n tó sọ ìdajì, ó ti gbé àpótí rẹ̀ lérí. Ó ní, "Láti ìgbà wo ni mo ti ń retí kí ẹ lé mi! Bí mo bá fúnra mi lọ, ẹ ó ní mi ò fẹ́ràn ọmọ. Ilẹ̀ ilé yín tutù, òun ló ń fún mi níkọ́."

A tún lọ bá nọ́ọ̀sì nílé ìwòsàn tó wà lẹ́bàá títì, obìnrin kan tí ohùn rẹ̀ tutù. Ó ṣàlàyé ìfètòsọ́mọbíbí fún wa, ó bi Àwẹ̀ró ní ìbéèrè tó pọ̀ nípa ọjọ́ ìkúnlẹ̀ náà, ó jẹ́ kó fúnra rẹ̀ mú èyí tó bá a lára mu. Mo jókòó tì í lórí bẹ́ńṣì, ọkùnrin kan ṣoṣo láàárín àwọn obìnrin. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń pariwo pé ẹ láyà, ẹ lọ jókòó sórí bẹ́ńṣì yẹn wò.

Ẹ rò pé ọjọ́ náà ni gbogbo rẹ̀ tán? Rárá o. Àwẹ̀ró tú ẹrù rẹ̀, ó kó aṣọ padà sí àyè wọn, ìyẹn nìkan ti tó mi. Mo tẹ́ ẹní ọmọ lọ́tọ̀. Èmi ni mò ń la igi ìdáná. Mi ò béèrè nǹkan kan, mi ò sì fajú ro. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, àwọn ọmọ wà lọ́dọ̀ ìyá mi, èmi àti Àwẹ̀ró jókòó sínú yàrá, à ń pa ẹ̀gúsí. Ọwọ́ tó ń fa ìbọn kò mọ ẹ̀gúsí í pa. Mo ń fọ́ ọ wẹ́wẹ́, èèpo rẹ̀ kún irùngbọ̀n mi. Àwẹ̀ró wò mí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí tó fi di ìhà mú. Ó ní, "Ẹ mú ọwọ́ yín wá," ó sì di àtàǹpàkò mi mú, ó ń fi hàn mí bí wọ́n ṣe ń tẹ etí ẹ̀gúsí kó lè là. Ẹ̀gúsí náà là. Kò fi ọwọ́ mi sílẹ̀. Ó ń wo ọwọ́ náà, ó wá gbójú sókè wò mí, ojú rẹ̀ sì dà bí ojú ọmọbìnrin tí mo bá pàdé lọ́nà odò nígbà àárọ̀ wa.

Ó ní, "Baba Ọdẹ́yẹmí, ẹ dìde, ẹ lọ ti ilẹ̀kùn."

Mo dìde, mo tì í.

Ọkọ ìyàwó tuntun tó jókòó lẹ́bàá òpó yẹn ti na ọrùn síta. Ó ní, "Baba, lẹ́yìn ìyẹn ńkọ́? Kí lẹ ṣe tó fi dùn mọ́ wọn?"

Mo ní kó lọ bi ìyàwó tirẹ̀.